Pẹlẹbẹ Ni àbí Onírólà? Ọ̀rọ̀ Kámúṣáàfù ní Marine Beach

Mo mọ̀ pé òwe, oríkì àti gírámà ni ọ̀pọ̀ yín máa ń retí lọ́dọ̀ mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì ni mo gbé wá lónìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì sá lọ. Àríyànjiyàn kan tí mo gbọ́ ní Marine Beach, ní Àpápá, ni ó fà á. Yorùbá tó já gaara ni wọ́n fi ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohun tó sì wà nídìí rẹ̀ kan gbogbo ẹni tí ó bá gba ìmọ̀ lọ́wọ́ àgbà.

Mo ń dúró de ẹnìkan ní ọjọ́ náà, ni mo bá jókòó sí ibi iṣẹ́ mẹkáníìkì kan ní ìhà Ajégúnlẹ̀, níbi tí a ti ń gbọ́ fèrè tírélà láti orí afárá. Ọmọkùnrin kan ni ó ni ọkọ̀ tó wà níwájú wa. Píkọ́ọ̀pù Chevrolet àtijọ́ ni. Bàbá rẹ̀ ni ó lò ó kí ó tó di olóògbé, ẹ́ńjìnì onísílíńdà mẹ́jọ tí a mọ̀ sí 350 ni ó sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti tú ẹ́ńjìnì náà palẹ̀ rí, wọ́n fi kámúṣáàfù tuntun sí i, wọ́n sì tò ó padà. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, tí agbára rẹ̀ sì ń dínkù. Nígbà tí wọ́n tún un tú, méjì lára iké kámúṣáàfù náà ti jẹ tán, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ di róbótó bí ọ̀pá lásán.

Ẹ̀gbọ́n ọmọkùnrin yìí tó ń gbé ní Houston, ní Amẹ́ríkà, ti ṣe tán láti ra òmíràn fún un, kí ó sì fi í sínú kọ̀ǹténà tí yóò gba èbúté Àpápá wọlé. Ìbéèrè tó kù ni pé, irú èwo ni kí ó rà?

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí a fi onírólà sí i lọ́tẹ̀ yìí," ni ọmọkùnrin náà wí. "Pẹlẹbẹ yẹn ti gbá mi lówó tán."

Bàbá mẹkáníìkì mi orí. "Ọmọ mi, pẹlẹbẹ ni mo bá nínú irú ẹ́ńjìnì yìí láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́. Kì í jẹ nígbà náà. Kí ni ó wá ṣe é tí ó fi ń jẹ nísinsìnyí?"

Ìbéèrè bàbá yìí kò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi dé ilé. Ní èrò tèmi, àwọn méjèèjì ni wọ́n ní òótọ́ lẹ́nu, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì fi ìdajì òótọ́ sílẹ̀. Kí a tó yan irú kámúṣáàfù tí a fẹ́, irú ìtọ́jú tí apá wa ká ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yàn. Fún ọkọ̀ yìí, ní àdúgbò yìí, pẹlẹbẹ náà ni mo ní kí wọ́n tún rà, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe é bí wọ́n ti ṣe é tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì rí inú ẹ́ńjìnì rí.

Kámúṣáàfù ni ọ̀pá irin tí ó ní iké lára bí iké ràkúnmí. Bí kíráńkì bá yí ní ẹ̀ẹ̀mejì, kámúṣáàfù yóò yí ní ẹ̀ẹ̀kan. Bí iké kọ̀ọ̀kan ti ń yí dé òkè, yóò gbé tapẹ́ẹ̀tì sókè. Tapẹ́ẹ̀tì yóò ti púṣírọ́ọ̀dù. Púṣírọ́ọ̀dù yóò sì mú kí fáàfù ṣí, kí afẹ́fẹ́ àti epo lè wọlé tàbí kí èéfín lè jáde. Sípíríǹgì ni yóò dá fáàfù padà sí àyè rẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnì 350, iké mẹ́rìndínlógún ni ó wà, tapẹ́ẹ̀tì mẹ́rìndínlógún ni ó sì dúró tì wọ́n.

Ibi tí tapẹ́ẹ̀tì ti fara kan iké gan-an ni ìyàtọ̀ wà. Ẹ rántí ọlọ tí àwọn ìyá wa fi ń lọ ata. Ọmọ ọlọ ń fi ara rẹ̀ yí ìyá ọlọ, wọ́n ń fara họra, bí kò bá sì sí omi láàrin wọn, òkúta ni yóò máa jẹ òkúta. Bẹ́ẹ̀ ni tapẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ rí. Ẹ wá rántí ọmọlanke tí a fi ń ru ẹrù lọ́jà. Ẹrù tí a bá wọ́ nílẹ̀ yóò ha ilẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí a gbé sórí ọmọlanke, táyà ni yóò máa yí lábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni tapẹ́ẹ̀tì onírólà rí. Ó ní kẹ̀kẹ́ kékeré kan lábẹ́ tí ń yí lórí iké.

Bí ẹ bá gbọ́ èyí, ẹ ó ní onírólà ti borí. Ẹ fara balẹ̀. Tapẹ́ẹ̀tì tí à ń pè ní pẹlẹbẹ kì í ṣe pẹlẹbẹ gidi. Ojú rẹ̀ ta díẹ̀díẹ̀ ní àárín, débi pé ojú lásán kò lè rí i. Iké tí ó dúró lé náà sì dà gẹ̀ẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nítorí náà, bí iké bá ti ń gbé e sókè, ni tapẹ́ẹ̀tì náà ń yí bìrí nínú ihò rẹ̀, tí ojú tuntun fi ń kan iké nígbà gbogbo. Ọgbọ́n tí ó ń pa á mọ́ láàyè nìyẹn. Ọjọ́ tí tapẹ́ẹ̀tì bá kọ̀ tí kò yí mọ́, ibì kan ṣoṣo ni iké yóò máa họ, ojú tapẹ́ẹ̀tì yóò jìn kòtò, iké yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ.

Ẹni tó bá mọ ọlọ mọ̀ pé ọmọ ọlọ tí ó ti bá ìyá rẹ̀ gbé pẹ́ ti mú ara rẹ̀ bá a mu. Bí a bá gbé e lọ sórí ọlọ ẹlòmíràn, ata kò ní í kúnná. Òfin pẹlẹbẹ náà nìyí. Bí a bá tú ẹ́ńjìnì tí a kò pààrọ̀ kámúṣáàfù rẹ̀, tapẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan gbọdọ̀ padà sórí iké tí a ti yọ ọ́. Bí a bá sì ra kámúṣáàfù tuntun, tapẹ́ẹ̀tì tuntun ni a gbọdọ̀ rà tì í. Ẹni tí ó bá dá ogbó tapẹ́ẹ̀tì padà sórí iké tuntun nítorí pé ó fẹ́ ṣọ́ owó ná, yóò ná owó náà ní ìlọ́po. Ti onírólà rọrùn ní apá yìí: bí ara rẹ̀ bá ṣì le, a lè lò ó lórí kámúṣáàfù mìíràn.

Onírólà ní ẹ̀yẹ mìíràn. Ojú tapẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ Chevrolet kò fẹ̀ ju ínǹṣì 0.842 lọ, nítorí náà ó ní ibi tí yíyára fáàfù lè dé, kí etí tapẹ́ẹ̀tì má baà gún iké. Onírólà kò ní ìdènà yìí. Ó lè ṣí fáàfù kíákíá, kí ó sì tì í kíákíá, kí ẹ́ńjìnì lè mí dáadáa. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń fi ọkọ̀ sáré ìje fi fẹ́ràn rẹ̀. Ìfarahọra rẹ̀ kéré, kò sì béèrè ìtọ́jú àkànṣe ní wákàtí àkọ́kọ́ bí ti pẹlẹbẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka ohun tí yóò gbà lọ́wọ́ ọmọkùnrin yìí. Ọdún 1987 ni General Motors bẹ̀rẹ̀ sí í fi onírólà sínú irú ẹ́ńjìnì yìí fún àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ẹrù rẹ̀ ṣì ń lo pẹlẹbẹ fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà. Ẹ́ńjìnì bàbá ọmọkùnrin yìí ti wà ṣáájú ọdún náà, wọn kò sì pèsè àyè sílẹ̀ fún onírólà nínú rẹ̀. Rólà kò gbọdọ̀ yí bìrí bí pẹlẹbẹ ti ń ṣe. Bí ó bá dojú kọ ẹ̀gbẹ́, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, yóò ra tapẹ́ẹ̀tì tí a fi irin so pọ̀ ní méjì-méjì. Tapẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí ga ju ti àtijọ́ lọ, nítorí náà yóò ra púṣírọ́ọ̀dù tí ó kúrú. Wọ́n tún wúwo, nítorí náà yóò ra sípíríǹgì tí ó le. Iké onírólà kò dà gẹ̀ẹ́rẹ́ láti ti kámúṣáàfù sẹ́yìn, nítorí náà yóò fi ìdènà sí iwájú rẹ̀ kí ó má baà máa rìn síwá-sẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ irin sítíìlì ni wọ́n fi ṣe é, eyín dìsìtíríbítọ̀ àtijọ́ kò ní í bá a gbé, yóò ra eyín mìíràn. Bí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, iye rẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti pẹlẹbẹ lọ dáadáa, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn ohun wọ̀nyí tí a lè fò dá.

Onírólà náà kò sì ṣàìkú. Inú kẹ̀kẹ́ kékeré yẹn ni bẹ́ríǹgì wà, tí irin tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ kún inú rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá dọ̀tí tàbí tí kò tó, bẹ́ríǹgì yóò fọ́, àwọn abẹ́rẹ́ yẹn yóò bọ́ sínú ọ́ìlì, wọn yóò sì máa rìn kiri inú ẹ́ńjìnì. Ìparun rẹ̀ le ju ti pẹlẹbẹ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè bàbá: kí ni ó ṣe é tí pẹlẹbẹ fi ń jẹ nísinsìnyí? Kò parọ́ pé kì í jẹ tẹ́lẹ̀. Pẹlẹbẹ ni ó wà nínú Volkswagen ìjàpá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò lójú ọ̀nà Àgbádárìgì ní ọdún 1975. Òun náà ni ó wà nínú Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní ọdún kan náà, àti nínú Mercedes-Benz 911 tí àwọn ará Èkó sọ di mólùè. Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ru wa fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ẹ má sì rò pé pẹlẹbẹ ni ti àtijọ́, onírólà ni ti òde òní. Cummins NTC-855, ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ńlá àtijọ́, onírólà ni. Cummins 6BT tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀, pẹlẹbẹ ni. Rólà wà nínú ẹ́ńjìnì 2TR-FE ti Toyota HiAce, ṣùgbọ́n inú ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe ẹ́ńjìnì náà ni wọ́n ti fi í sí i. Kò sí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ipá tì í bọ inú rẹ̀.

Ohun tó yí padà ni ọ́ìlì. Èròjà kan wà nínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tí wọ́n fi síńkì àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ṣe. Níbi tí irin bá ti fẹ́ họ irin, èròjà yìí yóò bo ojú wọn bí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, awọ náà ni yóò sì máa jẹ ìyà dípò irin. Ṣùgbọ́n fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ń ba kátálíìsì tó wà lára sálẹ́ńsà ọkọ̀ òde òní jẹ́. Nítorí náà, nígbà tí àjọ API ní Amẹ́ríkà gbé ìpele SM jáde ní ọdún 2004, wọ́n ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú ọ́ìlì tó fẹ́lẹ́, bíi 5W-30 àti 10W-30, kò gbọdọ̀ ju ìdá 0.08 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ní ìpele SL tó ṣáájú rẹ̀, ìdá 0.10 ni. Ìpele SN ti ọdún 2010 àti SP ti ọdún 2020 kò yí ìwọ̀n náà padà. Ọkọ̀ tuntun kò mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n pẹlẹbẹ tí ó jẹ́ tuntun, tí ojú rẹ̀ kò tíì mọ ojú iké, mọ̀ ọ́n lára gidigidi.

Mo sọ èyí fún bàbá náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú o, ọ́ìlì tí ẹ lò nígbà tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ kọ́ ni ó wà nínú ike tuntun yìí." Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Wọ́n yí ọ́ìlì padà, wọn kò sì sọ fún wa."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí wọra. Gbogbo aláǹgbá ni ó danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ ni ike ọ́ìlì rí lórí igbá ní Ajégúnlẹ̀. Wọ́n jọra wọn, ọ̀kan wà fún ọkọ̀ tuntun, ọ̀kan ní síńkì tó pọ̀, òmíràn sì lè jẹ́ kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù tí wọ́n sẹ́ tí wọ́n tún dà sínú ike. Lẹ́tà méjì tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ike ni ìyàtọ̀ tí a lè kà, èdè tí wọ́n sì fi kọ àlàyé rẹ̀ kì í ṣe ti bàbá yìí.

Ohun kejì tó pa kámúṣáàfù náà ni ìdajì wákàtí àkọ́kọ́. Nínú ẹ́ńjìnì 350, ọ́ìlì tí kíráńkì ń ta káàkiri ni ó ń dé ara iké jùlọ. Bí ẹ́ńjìnì bá wà ní ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sìlóò, kíráńkì ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ọ́ìlì díẹ̀ ni ó ń ta. Nítorí náà, pẹlẹbẹ tuntun kò gbọdọ̀ wà ní sìlóò ní ìbẹ̀rẹ̀. Gírísì dúdú tí a ṣe fún iṣẹ́ yìí ni a óò kọ́kọ́ fi pa iké àti ojú tapẹ́ẹ̀tì. A óò ti fi ọ́ìlì kún ojú ọ̀nà rẹ̀, a óò ti fi epo sínú kábúrétọ̀, kí ẹ́ńjìnì lè gbiná lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá ti gbiná, yíyí 2,000 sí 2,500 ní ìṣẹ́jú kan ni a óò gbé e sí, a ó sì máa yí i díẹ̀díẹ̀ láàrin ìwọ̀n méjèèjì fún ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ni a óò da ọ́ìlì yẹn nù, kí a tó rọ òmíràn sí i.

Mo bi ọmọkùnrin náà pé kí ni wọ́n ṣe ní ọjọ́ tí wọ́n tò ó lẹ́ẹ̀kíní. Ó ní wọ́n ṣáná sí i, wọ́n fi sí sìlóò láti fi ṣe kábúrétọ̀, ohùn rẹ̀ dùn, ni òun bá wà á jáde. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Marine Beach ni ó bọ́ sí. Ẹni tí ó bá mọ àdúgbò yìí kò nílò àlàyé. Ní oṣù kejì ọdún 2021, àjọ tó ń bójú tó èbúté Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi ń pe tírélà láti orí ẹ̀rọ ayélujára, kí wọ́n má baà máa to sójú ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Orúkọ Yorùbá ni wọ́n sì fún un, Ètò. Síbẹ̀, ọjọ́ tí ọ̀nà bá dí, ó dí. Kámúṣáàfù tí kò tíì pé wákàtí kan láyé wà ní sìlóò láàrin tírélà. Ọjọ́ náà ni ó ti kú, oṣù kẹta ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ín.

Àwọn kan yóò sọ pé, níwọ̀n ìgbà tí ọ́ìlì kò dánilójú, tí ọ̀nà sì dí, onírólà ni ó bọ́gbọ́n mu jù. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìwúwo. Bí ẹ́ńjìnì bá ti bá onírólà wá láti ilé-iṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ ọ́. Bí ènìyàn bá ń kọ́ ẹ́ńjìnì fún eré sísá, tí owó rẹ̀ sì tó gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀, kí ó rà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ra rólà, tí owó rẹ̀ kò wá tó sípíríǹgì, tí ó fi eyín dìsìtíríbítọ̀ àtijọ́ lé irin sítíìlì, kò tíì ra ìsinmi. Ìyà mìíràn ni ó rà. Owó tí yóò fi ra àwọn ohun èlò rólà yóò ra pẹlẹbẹ tuntun, tapẹ́ẹ̀tì tuntun mẹ́rìndínlógún, gírísì rẹ̀ àti ọ́ìlì tí síńkì inú rẹ̀ tó, owó yóò sì ṣẹ́kù. Ohun tó kù ni sùúrù ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ojú ọ̀nà tó gba ọkọ̀. Bí mo bá jẹ́ ọmọkùnrin náà, òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni n óò ṣáná sí i.

Kí ni èyí kan èdè àti àṣà? Ó kàn wọ́n púpọ̀. Bàbá mẹkáníìkì yẹn ní ìmọ̀ tí ó jinlẹ̀, ṣùgbọ́n orí ọ́ìlì kan pàtó ni ìmọ̀ náà dúró lé, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún un pé ọ́ìlì náà ti lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn bàbá wa fi lé wa lọ́wọ́ rí. Bí a bá gba ìmọ̀ tí a kò gba ohun tí ó gbé e dúró, a óò máa ṣe bí wọ́n ti ṣe, yóò sì máa bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, a óò wá ní irọ́ ni àwọn àgbà pa.

Ẹ sì gbọ́ bí bàbá náà ti ń sọ̀rọ̀. Ó yá tapẹ́ẹ̀tì, ó yá sìlóò, ó yá kámúṣáàfù, ṣùgbọ́n iké "jẹ", ẹ́ńjìnì "mu" ọ́ìlì, ó "húkọ́", ó "gbiná". Ọ̀rọ̀ orúkọ ni ó yá; ọ̀rọ̀ ìṣe, tiwa ni. Èdè tí ó lè ṣe èyí kò nílò kí a ṣàánú rẹ̀. Ohun tí ó nílò ni kí ẹni tó bá ka ẹ̀yìn ike ọ́ìlì ní èdè mìíràn sọ ọ́ fún bàbá ní Yorùbá. Iṣẹ́ yín nìyẹn, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́tà méjì péré ni, ó sì ti jẹ ẹ́ńjìnì kan tí ọmọ jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

Ire o. Ó dìgbà kan ná.